Lẹ́tà sí Mọ́mì Ṣàgámù

Mọ́mì mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Mo gbọ́ pé ẹ ní kí Ìyá Ìbejì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń nà án ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́. Kò ní padà. Èmi ni mo ní kó má lọ, nítorí náà èmi ni kẹ́ ẹ bá wí.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ni pankẹ́rẹ́ yín máa ń wà, lórí ìṣó tẹ́ ẹ ń fi gèlè kọ́. Mi ò gbàgbé ọjọ́ tí kòkòrò wọ agbọ̀n gbànja kan nítorí pé mi ò tú ewé rẹ̀ wò. Ẹ nà mí títí pankẹ́rẹ́ fi là. Nígbà tó di alẹ́, ẹ fi òrí pa mí lẹ́yìn, ẹ̀yin náà sì ń sunkún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Mo rò pé bí ìfẹ́ ṣe ń rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo tún rí àárọ̀ tí ojú yín wú, tẹ́ ẹ wé gèlè bò ó lọ sọ́jà, tẹ́ ẹ ní ilẹ̀kùn ló gbá yín. Pálọ̀ ni mo sùn sí lóru yẹn, Mọ́mì. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ẹbí sì jókòó, ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ bẹ Dádì. Èmi ni mo gbé mínírà fún wọn. Ohun tí Dádì bá fojú yín rí lóru, àwa ọmọ là ń rí i gbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Láti 2017 ni òfin ti wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn tó lè sọ ọkọ tó bá na ìyàwó rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ti ọmọ ló ń dùn mí. Òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó, abala 295, ṣì gba òbí láyè láti na ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, bí kò bá sáà ti dá egbò sí i lára. Ẹ̀yin lẹ fi òrí pa ẹ̀yìn mi. Ẹ mọ̀ bóyá egbò wà ńbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí Ìyá Ìbejì àti àwọn ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi ní Ìkẹ́nnẹ́, Kẹ́hìndé da ẹ̀kọ sílẹ̀. N kò tíì dìde tó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, tó di ojú pinpin, tó ń dúró dè mí. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, inú ẹ̀kọ náà gan-an, ó pẹ́ kó tó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

A ń bọ̀ wá kí yín lọ́jọ́ Sunday. Ẹ jọ̀wọ́, Mọ́mì, ẹ bá mi yọ pankẹ́rẹ́ yẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí àwọn ìbejì tó wọlé.

Èmi ọmọ yín.