Lẹ́tà sí Àmọ̀kẹ́: Wọn Inú Ófùnù Rẹ Ná

Agbègbè Tákíè,
Ògbómọ̀ṣọ́.
8 Oṣù Kìíní, 2025.

Àmọ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo kí ẹ kú òtútù o. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ọyẹ́ mú níbí, ẹ̀rín lo máa fi mí rín, ṣùgbọ́n ti ọdún yìí kì í ṣe kékeré. Bọ́tà tí mo gbé sórí tábìlì láti alẹ́ àná, nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí, ìka mi ló dùn mí.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán. O ní o fẹ́ máa ṣe kéèkì fáwọn èèyàn wa ní Manchester lọ́hùn-ún, kí n sọ irú míkísà tí o máa rà. Jọ̀ọ́, má tíì ra míkísà kankan. Jẹ́ kí n ròyìn tèmi fún ẹ, torí mi ò sọ ọ́ fún ẹ nígbà náà, ojú ló ń tì mí.

Nígbà tí mo kó èésú lọ́dún 2022, míkísà ńlá ni mo fi rà, èyí tí abọ́ rẹ̀ ń gba lítà 10. Aṣọ ni mo fi ń bò ó bí ìyàwó tuntun. Kò pẹ́ ni ìyá kan gbé iṣẹ́ ìkómọ wá, kéèkì inú fọ́ìlì kékeré, 60. (Ìlú tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, kéèkì ni wọ́n ń bèèrè níbi ìkómọ báyìí!) Inú mi dùn, mo po gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àṣé ófùnù mi ò gbà ju 12 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀marùn-ún: wákàtí méjì ààbọ̀ nìyẹn, láìtíì ka ìgbà tí mo fi ń kó o wọlé, tí mo fi ń kó o jáde.

Àkọ́kọ́ jáde, ó wú, orí rẹ̀ là dáadáa. Ìkejì kò burú. Nígbà tó fi máa di ìkẹta, ó ti ń rẹlẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn pẹlẹbẹ bíi kéèkì tí ẹnìkan jókòó lé. Béékìn páúdà kì í dúró de èèyàn, Àmọ̀kẹ́. Bí nǹkan olómi bá ti kàn án ló ti ń tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, atẹ́gùn tí o sì fi gbogbo agbára pò mọ́ bọ́tà àti ṣúgà náà á máa yọ́ lọ nínú abọ́. Mo tún 36 ṣe lóru ọjọ́ náà. Wọ́n ń pe ìrun àsùbáá nígbà tí mo yọ èyí tó gbẹ̀yìn. Gbogbo èrè mi, ẹyin àti bọ́tà ló gbé e lọ.

Nítorí náà, ófùnù ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan ni kó o máa pò lẹ́ẹ̀kan. Lálẹ́ báyìí, mo máa ń wọn fúláwà, ṣúgà àti iyọ̀ sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rá kan fún ófùnù kan. Bó bá ku bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ti inú iná jáde ni mo tó ń da béékìn páúdà sí èyí tó kàn. Sikéèlì ni mo sì fi ń wọ̀n. Kóńgò ti parí láàárín wa, torí kóńgò ìyá kan ò tó ti ẹnìkejì rẹ̀.

Páànù ńkọ́? Mo gé páálí kan kó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú irin tí wọ́n ń gbé nǹkan lé nínú ófùnù, mo ká a mọ́ abíyá, ó di ọjà. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ìsọ̀, mo ń to páànù lé e. Ọmọ tó ń tajà ní, "Àǹtí, ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ ni?" Mi ò dá a lóhùn. Roboto 8 ínṣì mẹ́rin wọlé, onígun mẹ́rin 8 ínṣì mẹ́rin náà wọlé, pẹ̀lú àlàfo ìka méjì láàárín wọn kí ooru lè rìn. Ṣùgbọ́n ohun tí onígun mẹ́rin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ń gbà tó ti roboto márùn-ún! Látìgbà náà, onígun mẹ́rin ni mo ń lò, àfi tí oníbàárà bá ní roboto lòun fẹ́. Èyí tó ń dán, tó nípọn ni kó o rà. Dúdú máa ń tètè jó nídìí.

O ní ófùnù yín ní fáànù. Ó dáa, bí ìwé bá ní ooru 180°C, fi sí 160. Fáànù yẹn á jẹ́ kó o lè to òkè àti ìsàlẹ̀ pa pọ̀. Tèmi gáàsì ni, ìsàlẹ̀ ni iná rẹ̀ ti ń wá, mo sì gbọ́dọ̀ máa yí àwọn páànù padà nígbà tí àárín kéèkì bá ti dì. Bí o bá ṣí i ṣáájú ìyẹn, á rì.

Míkísà ńlá yẹn ṣì wà, búrẹ́dì ni mo fi ń pò nígbà tí iná bá wà. Jẹnẹrétọ̀ mi ò lè gbé e, ṣe ló máa ń ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ mú ni mo fi ń ṣe kéèkì.

Wọn inú ófùnù rẹ, gígùn àti ìbú, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ wálé, bá mi ra témómítà tí wọ́n ń gbé kọ́ sínú ófùnù. Tèmi ti fọ́, nọ́ńbà tó wà lára ófùnù mi sì ń parọ́: bó bá ní 180, ó ti lé ní 200.

Mò ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń kó ẹyin wá lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́