Lẹ́tà Ẹ̀sùn Lórí Laptop Tó Ń Kú Lójijì

Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá wa,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ OWÓ IṢẸ́ TÍ Ẹ KÒ ṢE

Mo kí yín o. Inú ń bí mi gan-an, torí ẹ gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lórí laptop tí mo gbé wá bá yín, ẹ kò sì ṣe é.

Fídíò ìnáwó, ìgbéyàwó àti òkú àgbà pàápàá, ni mo ń fi laptop náà tò. Ó ti dàgbà lóòótọ́, ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Tí mo bá kàn ń tẹ̀wé lórí rẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá ti ń gbé fídíò jáde, fáànù á máa pariwo, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn lójijì, á tún tan ara rẹ̀. Gbogbo èyí ni mo ṣàlàyé fún oníṣẹ́ yín. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ní Windows 10, ètò tó ń darí laptop náà, ló fà á, pé Microsoft ti pa á tì láti October 14, 2025. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ ló dáwọ́ dúró. Ìyẹn kì í pa ẹ̀rọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ gba ₦65,000: owó Windows tuntun, owó bátìrì, owó fífọ inú ẹ̀rọ. Mo gbé e délé, ó tún kú. Nígbà tí mo padà wá, ẹ ní mọ́dàbọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú rẹ̀, ti jóná, kí n lọ ra laptop mìíràn.

Mo yọ bátìrì yín, mo lo ṣájà nìkan, ó kú. Mo yọ ṣájà, mo lo bátìrì nìkan, ó kú. Kí ló wá kan bátìrì níbẹ̀? Nínú Event Viewer, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú Windows, Kernel-Power 41 ló ń kọ sílẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á dáadáa. BugcheckCode rẹ̀, nọ́ńbà àṣìṣe, sì jẹ́ 0: ẹ̀rọ ti kú kí Windows tó ráyè kọ àṣìṣe kankan sílẹ̀. Core Temp, ètò tó ń wọn ooru, sì fi hàn pé ooru processor, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ń kọjá 95°C kó tó kú. Ooru ni!

Èyí tó dùn mí jù ni ti sítíkà pélébé tó wà lórí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀tì ìdí laptop náà. Kò sẹ́ni tó lè ṣí inú rẹ̀ láì fa sítíkà yẹn ya. Digbí ló wà nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ yín: ẹ kò ṣí inú tí ẹ gba owó fífọ rẹ̀ rárá. Mo ya fọ́tò rẹ̀ kí oníṣẹ́ mìíràn tó ṣí i lójú mi. Eruku ti dì bí òwú láàárín fáànù àti irin tó ń gbé ooru jáde, thermal paste, ìpara tó ń gbé ooru kúrò lára processor, ti gbẹ, ó ń rún wómúwómú. Ó gbọn eruku, ó fi paste tuntun sí i. Láti ìgbà náà, mọ́dàbọ́ọ̀dù tí ẹ ní ó jóná ló ń gbé fídíò mi jáde dópin.

Akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò kéékèèké ló ń gbé laptop àlòkù wá bá yín, kò sí owó òmíràn lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn oníṣẹ́ yín máa ṣí ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó pè é ní òkú.

Owó Windows, ẹ ṣiṣẹ́ rẹ̀, n kò bèèrè rẹ̀. Owó bátìrì àti owó fífọ ni kí ẹ dá padà, kí ẹ sì fún mi ní bátìrì mi tí ẹ mú sílẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún mi ní ẹ̀tọ́ yìí. Tí n kò bá gbọ́ nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, màá gbé ẹjọ́ yìí lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Ẹ̀dà rìsíìtì àti fọ́tò sítíkà náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.