Ẹ má kó àwọn ọmọ olóye lọ sọ́nà jíjìn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé nílé ìwé ìjọba. Ó yẹ kí ìjọba ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ fún wọn, àmọ́ ilé ìwé tí wọ́n wà náà ni kó ti bá wọn.

Láti 1986 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé ìwé irú wọn sílẹ̀, èyí tó wà ní Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ni ilé ìwé kan lè gbà ní odindi Nàìjíríà?

Ọmọbìnrin kan wà ní JSS 2 tí mò ń kọ́. Kí n tó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ti ṣe ìṣirò márààrún tán. Kí ni mo wá ń ní kó ṣe? Kó nu pátákó. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ àádọ́rin ọmọ ló wà níwájú mi. Bàbá rẹ̀ ń hun aṣọ òkè. Kò lówó olùkọ́ tí yóò máa wá kọ́ ọ nílé, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó rí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń yege nínú ìdánwò àṣàyàn tí wọ́n fi ń wọ ilé ìwé Suleja.

Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ni ẹ̀kọ́ wákàtí méjì lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, ìwé tó ju ti kíláàsì rẹ̀ lọ, àti owó àjẹmọ́nú díẹ̀ fún olùkọ́ (owó o, kì í ṣe ìlérí). Ìyẹn ò ju agbára ìpínlẹ̀ lọ.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìṣirò, Ìsẹ́yìn