Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ̀mí Gígùn Tí À Ń Tọrọ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Kò sí ìkómọjáde tàbí ìgbéyàwó kan nínú ìjọ wa tí àdúrà méjì kì í ti jáde lẹ́nu wa: pé kí Ọlọ́run fún wa ní ẹ̀mí gígùn, àti pé kí a má fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ. Àmín wa máa ń ròkè sí méjèèjì bákan náà. Ní oṣù kẹsàn-án tí a wà yìí, mo fẹ́ kí a rántí ìyá kan tí Ọlọ́run fún ní èkínní lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n tí èkejì kò rí bẹ́ẹ̀ fún.

Màmá Hannah Ìdòwú Dídéolú Awólọ́wọ̀, aya Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ olóṣèlú, ni mo ń wí. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1915 ni a bí wọn ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, wọ́n sì sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, nígbà tí ó ku nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọjọ́ tí à bá fi ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún náà gan-an ni a fi sin wọ́n.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ọdún 99 yóò ní ayé tọ́rọ fún Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún 1963 nìkan. Ní oṣù keje, Ṣẹ́gun, àkọ́bí wọn, agbẹjọ́rò ọ̀dọ́mọkùnrin, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, nígbà tí ó ń lọ síbi ìgbẹ́jọ́ bàbá rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ rán bàbá náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, nígbà ìbò ọdún 1964, ìyá tí omijé ọmọ kò tíì gbẹ lójú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn rí tí ó ń polongo láti ìlú dé ìlú ní ipò ọkọ rẹ̀. Ọkọ padà wálé ní 1966, ó sì lọ ní 1987. Màmá sì ṣe opó fún ọdún 28. Kí wọ́n tó dágbére, mẹ́ta nínú ọmọ márùn-ún tí wọ́n bí ti ṣáájú wọn lọ.

Èmi tí mo ń kọ èyí ti dúró ti àwọn òbí lẹ́bàá sàréè ọmọ wọn, n kò sì tíì rí ọ̀rọ̀ tí ó tó sọ. Ìtàn Jóòbù pàápàá, tí a máa ń yára mú bọ ẹnu níbẹ̀, a máa di ẹrù lórí ẹrù fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ohun tí Orin Dáfídì 91 sọ ni pé Ọlọ́run yóò fi ẹ̀mí gígùn *tẹ́ ènìyàn lọ́rùn*. Kò sọ pé ẹni náà kò ní sunkún. Ẹ rántí Ánnà nínú Lúùkù orí kejì: ọdún méje péré ló bá ọkọ gbé, ó sì wà ní opó títí ó fi di ẹni ọdún 84, síbẹ̀ kò kúrò nínú tẹ́ḿpìlì. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ wọlé, opó yìí ló dúpẹ́, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà fún gbogbo àwọn tí ń retí ìràpadà. Ohun tí mo rí lára Màmá náà nìyẹn: ìbànújẹ́ kò gba ojú tí wọ́n fi ń wo ọ̀la lọ́wọ́ wọn.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, a óò lọ kí àwọn ìyá wa tí ara kò gbé wá sí ilé Olúwa mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bi wọ́n ní àṣírí ẹ̀mí gígùn, bí àwọn oníròyìn ti máa ń ṣe. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ àwọn tí wọ́n ti sin, kí ẹ sì jókòó títí wọn yóò fi dárúkọ wọn tán.