Sí Àlàbí, nítorí Sùúrù

Ṣábẹ, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Àlàbí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Faransé ò tíì gbé ọ lọ? Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi ń kọ èyí, ìwé ń yọ̀ káàkiri orí tábìlì. O máa mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹṣin bàbá yín ni. Ẹni tó sọ ọ́ ní Sùúrù, ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Bó o ṣe kọ́ mi ni mo ń ṣe é nínú pápá abẹ́ àpáta: okùn mítà 7 mọ́ ìjánu rẹ̀, kí n dúró láàárín kó máa yí mi po, kí n kọjú sí ikùn rẹ̀, kí n na pàṣán sápá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ láìfi kàn án. Tó bá ń yípo sọ́wọ́ ọ̀tún, màlékà ni. Ká wá ní kó yí sọ́wọ́ òsì, ogun dé! Á ju orí, á ya ẹnu, á kọjú sí mi, á wá gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́bọ̀ ó ki eré mọ́lẹ̀, èmi olórí kunkun sì ti wé okùn mọ́ ọwọ́ òsì. Mo mọ̀, má wulẹ̀ sọ ọ́. Ó wọ́ mi kọjá ìdí igi máńgòrò, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Mo sọ fún màmá mi pé ìkòkò gbígbóná ni. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ tí o kì í dáná?"

Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mò ń ṣáájú èjìká rẹ̀, tí mo ń dí i lọ́nà. Mo sún sẹ́yìn, pàbó. Mo dín ọkà bàbà rẹ̀ kù, bóyá agbára ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Pàbó náà ni.

Àfi lánàá tí mo ń gbálẹ̀ ibùjẹ rẹ̀. Mo rí koríko tó jẹ tó tún tu dànù, ó dì ṣùgbù ṣùgbù bí òwú tí wọ́n kì bọ omi, ó tó márùn-ún. Mo bọ́ ìjánu lẹ́nu rẹ̀, mo so okùn gígùn náà mọ́ okùn orí rẹ̀ lásán. Ó yí sósì lẹ́ẹ̀mẹta, kò ju orí rárá. Eyín ló ń dùn ún, Àlàbí! Àbí ìwọ kọ́ lo sọ fún mi pé eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹṣin máa ń mú ṣóńṣó, á máa gé e lẹ́nu, títí wọ́n á fi fi irin họ ọ́?

Àbúrò rẹ ti bímọ, obìnrin ni. Ọkọ̀ Bíọ́dún tún ti kú sójú ọ̀nà. Gbèsè tó o mọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí: bàbá yín ti ní kí alágbàtà wá mú un padà sí Níkì kí Gààní, ọdún àwọn ẹlẹ́ṣin wọn, tó dé, wọ́n ní alágídí ni. Èmi ò tó ẹni tó ń já wọn ní koro. Ìwọ lọmọ. Bá mi pè wọ́n lálẹ́ ọ̀la, kí wọ́n ti jẹun tán o, ní kí wọ́n jẹ́ kí dókítà ẹran wo ẹnu rẹ̀ ná. Má dárúkọ mi. Ìdajì owó dókítà wà lọ́wọ́ mi.

Bó o bá rí ẹni tó ń bọ̀ wálé, fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn rán an sí mi. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lo rí rà, tòsì ni.

Sùúrù ti ń yán o, ó ti gbọ́ ìró garawa omi.

Èmi ni,
Sùlé