Ẹ mú téèpù dání kí ẹ tó lọ wo ibùgbé àwọn àgbà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sétí àwọn òǹkàwé yín tó ti fẹ̀yìn tì, tí ara wọn ṣì le koko, tí wọ́n sì ń wá ibùgbé tí wọ́n kọ́ fún irú wọn: ilé kálukú lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onílé, àmọ́ tí yàrá oúnjẹ, ọgbà, ọkọ̀ àti ibi eré ìdárayá jẹ́ ti gbogbo wọn. Ara tí wọ́n ní lónìí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń yẹ ibẹ̀ wò. Ara ọdún mẹ́wàá sí i ló yẹ kí wọ́n gbé lọ síbẹ̀.

Ibùgbé yìí kì í ṣe ilé ìtọ́jú, ibẹ̀ sì ni àṣìgbọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀sì tó máa gbé oògùn wá fún yín, kò sí ẹni tó máa wẹ̀ yín tàbí wọ̀ yín láṣọ. Ilé ni owó yín ń rà, àti oúnjẹ díẹ̀, àtúnṣe ohun tó bá bàjẹ́, àti àwọn ẹgbẹ́ ẹni tí a óò jọ máa ṣeré. Bí ẹni tó ń mú yín kiri bá ní "a máa tọ́jú yín," ẹ bi í pé ta ni yóò tọ́jú wa, láago mélòó, ṣé ó wà nínú owó oṣooṣù àbí ọ̀tọ̀ la óò san án? Lọ́pọ̀ ilẹ̀, ìjọba máa ń rán àwọn olùyẹ̀wò lọ sí ilé ìtọ́jú, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà dé irú ibùgbé yìí. Ẹ má rò pé ẹnì kan ti bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ kọjá pálọ̀ ńlá tí wọ́n to àga aláwọ sí, balùwẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ na téèpù láti ojú ilẹ̀kùn tó ṣí náà dé férémù tó dojú kọ ọ́. Kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 81. Ọ̀pọ̀ ilé máa ń fọ́nnu pé ẹnu ọ̀nà àwọn fẹ̀ tó. Férémù sí férémù ni wọ́n wọ̀n, wọ́n gbàgbé pé ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ máa jẹ bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin níbẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin yẹn sì lè dá kẹ̀kẹ́ arọ dúró síta. Nínú lọ́hùn-ún, ilẹ̀ tó ṣófo gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 150 níbùú àti lóròó kí kẹ̀kẹ́ lè yí po. Ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ yẹ kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 43 sí 48. Bó bá relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹni tí orúnkún ń dùn máa jókòó, dídìde ló máa di ọ̀ràn. Kò sì yẹ kí ibi ìwẹ̀ ní bèbè tí èèyàn máa gbẹ́sẹ̀ kọjá.

Irin ìdìmú ara ògiri ló máa ń tan èèyàn jù. Ó yẹ kó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 84 sí 91 láti ilẹ̀, kó sì lè gba kìlógíráàmù 113. Ẹ fi ìka kan ògiri níbi tí wọ́n dè é mọ́. Bó bá ń dún bí agolo òfìfo, ẹ béèrè ohun tó wà lẹ́yìn táìlì. Pákó tó nípọn tàbí kọnkéré ni síkúrù gbọ́dọ̀ gbá mú. Èyí tí wọ́n dè mọ́ pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan máa dúró digbí lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ẹni tó ń ṣubú bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn ló máa tú. Níbi tí kò bá sí irin rárá, ọ̀pá tí wọ́n ń fi aṣọ ìnura kọ́ ni ọwọ́ máa sáré lọ mú, bẹ́ẹ̀ wọn kò ṣe é fún ìwúwo èèyàn.

Ẹ ṣí omi gbígbóná pẹ̀lú. Kò yẹ kó kọjá ìwọ̀n 49 lórí ìdíwọ̀n Celsius. Bó bá dé 60, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ti tó láti bó awọ ara. Lẹ́yìn náà, ẹ wá okùn ìpè pàjáwìrì. Bó bá dúró síbi àyà ẹni tó nàró, kò wúlò fún ẹni tó ti wà nílẹ̀; ó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fà á níṣojú yín, kí ẹ wo aago ọwọ́ yín títí ẹnì kan fi dé. Kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń dáhùn láago méjì òru.

Níta, ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tó rọ́pò àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ gùn ní ìlọ́po 12 gíga rẹ̀: bí ẹnu ọ̀nà bá fi sẹ̀ǹtímítà 30 ga, ọ̀nà náà kò gbọ́dọ̀ kúrú ju sẹ̀ǹtímítà 360 lọ. Bí ilé bá jẹ́ alájà mẹ́ta, tó sì jẹ́ lífìtì kan ṣoṣo ló ní, ẹ béèrè iye ìgbà tó bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ tó bá kọṣẹ́, ẹni tó wà lókè ti di ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ odò ìlúwẹ̀ẹ́ àti yàrá eré ìdárayá kò gbà mí lákòókò, ojú yín á rí i.

Ìwé àdéhùn ni kí ẹ fi alẹ́ kan kà, kí lọ́yà yín náà sì kà á. Kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà lóṣù yìí ni ìbéèrè, bí kò ṣe iye tí wọ́n fi ń lé e. Ẹ gba àkọsílẹ̀ ìlékún ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Bó bá ń lọ sókè ní ìdá 5 nínú 100 lọ́dọọdún, 100 máa di nǹkan bí 163 lọ́dún kẹwàá, á sì di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọdún 14. Bó bá jẹ́ ìdá 3, á gbà tó ọdún 23. Owó ìfẹ̀yìntì yín ńkọ́, ṣé ó ń lọ sókè bẹ́ẹ̀?

Níbi tí wọ́n bá ti ń gba owó ìwọlé ńlá, ìyẹn owó tí ẹ máa san kí ẹ tó kó wọlé, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dá a padà bí ẹni tó san án bá kó jáde tàbí tó kú. Àwọn mìíràn ń yọ ìdá 2 nínú 100 lóṣù kan, tó túmọ̀ sí pé lẹ́yìn oṣù 50, kò ku kọ́bọ̀. Àwọn mìíràn kọ ọ́ pé ìgbà tí ẹlòmíràn bá gba ilé náà ni àwọn tó máa san án padà, láìdá ọjọ́ kankan. Gbólóhùn kékeré yìí ló máa ń mú àwọn ọmọ dúró de owó òbí wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ tún wá ibi tí wọ́n kọ ẹni tó máa pinnu pé ẹnì kan kò lè dá gbé mọ́, bóyá dókítà tiyín ni tàbí ọ̀gá ilé náà, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ìkejì bí ọ̀kan nínú tọkọtaya bá ní láti lọ.

Iye ilé tó ṣófo náà ṣe pàtàkì. Bó bá pọ̀, àwọn tó kù ni yóò ru ìnáwó, tàbí kí wọ́n dín oúnjẹ àti òṣìṣẹ́ kù. Ẹ béèrè ìwé ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí àwọn aṣàyẹ̀wò owó ti fọwọ́ sí.

Ẹ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láìsọ fún wọn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí òṣìṣẹ́ kì í pọ̀. Ẹ wo ètò eré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ẹ wá lọ ka iye orí tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ bi awakọ̀ àti ẹni tó ń gbé oúnjẹ pé ó tó ọdún mélòó tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Tí ọ̀gá kò bá sí nítòsí, ẹ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pé ọjọ́ mélòó ni ẹ̀rọ omi tó ń jò máa ń lò kí wọ́n tó tún un ṣe. Bí wọ́n bá ní yàrá àlejò, ẹ sùn níbẹ̀ fún bí òru mẹ́ta, kódà bí ẹ óò bá san owó rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ máa gbọ́ ariwo lífìtì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn orí ibùsùn.

Ẹ má fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ tí ẹ lọ wo ilé. Bí wọ́n bá ní ẹ̀dínwó máa tán lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kó tán.

Òǹkàwé yín.