Lẹ́tà sí Àkànní lórí àwọn dòméènì tó fẹ́ tà

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín. Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní owó ọdún àwọn dòméènì rẹ, ìyẹn àwọn orúkọ ìkànnì tí o rà sílẹ̀ láti tà, ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó béèrè pé èló ni wọ́n. O ní kí n sọ ibi tí àwọn oníbàárà wà fún ọ.

Àkànní, kò sí ibì kan tí wọ́n kóra jọ sí. Àwọn tí wàá bá nídìí gbàǹjo dòméènì, oníṣòwò bíi tìẹ ló pọ̀ jù nínú wọn: wọ́n fẹ́ rà á ní pọ́ọ́kú kí àwọn náà lè tún un tà. Ẹni tó máa san owó gidi ni ẹni tí orúkọ náà máa bá ṣiṣẹ́, irú wọn kì í sì í pọ̀ lórí orúkọ kan. Wọ́n lè má ju mẹ́wàá lọ ní gbogbo ayé. Àwọn yẹn ni kí o mọ̀.

O mẹ́nu ba Voice.com tí wọ́n tà ní mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ́dún 2019. Òótọ́ ni, àmọ́ wo bó ṣe jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni orúkọ náà ti wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ MicroStrategy tó tà á. Ilé-iṣẹ́ Block.one tó rà á fẹ́ dá ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kan sílẹ̀, Voice sì ni wọ́n fẹ́ máa pè é. Facebook náà, thefacebook.com ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó san 200,000 dọ́là lọ́dún 2005 láti gba facebook.com. Tesla ń lo teslamotors.com títí di ọdún 2016. Elon Musk fúnra rẹ̀ sọ pé ó gba àwọn ní ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá àti mílíọ̀nù 11 dọ́là kí tesla.com tó bọ́ sí àwọn lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló ti ń jẹ́ orúkọ náà, tàbí tí wọ́n ti fẹ́ máa jẹ́ ẹ, kí wọ́n tó wá rà á. Kò sẹ́ni tó fọ̀rọ̀ dídùn yí wọn lérò padà.

Mú ọ̀kan nínú tìrẹ wàyí, èyí tó jẹ mọ́ títún páńẹ́ẹ̀lì oòrùn ṣe. Tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí Google. Má wo kìkì àwọn tó yọ sókè; wo àwọn tó ń sanwó ìpolówó, torí ẹni tó ń náwó lójoojúmọ́ kí aráyé lè rí òun mọ iyì orúkọ tó rọrùn láti rántí. Lẹ́yìn náà, wò ó bóyá ẹnì kan ti gba orúkọ yẹn gan-an pẹ̀lú .net tàbí .org, tàbí ó ti fi ọ̀rọ̀ kan kún un, tàbí ó fi dáàṣì sí i láàárín. Ẹni tó ń lo dáàṣì, ara rẹ̀ ló ń ta á: gbogbo ìgbà tó bá ń pe ìkànnì rẹ̀ fún èèyàn lórí fóònù ló ń ṣàlàyé dáàṣì yẹn. Kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Bí o bá wá a títí tí o ò rí ẹni márùn-ún, orúkọ yẹn ti sọ tẹnu rẹ̀ fún ọ.

Kí o tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, nǹkan kan wà tó ṣáájú. Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni dòméènì á yẹ WHOIS wò, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tó ni dòméènì, ímeèlì rẹ àti nọ́ńbà fóònù rẹ á sì jáde. Látìgbà tí GDPR, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yúróòpù lóṣù Karùn-ún ọdún 2018, wọ́n ti bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó kù fún ẹni tó ń wá ọ ni kó tẹ orúkọ náà sórí bíráwúsà rẹ̀. Mo tẹ díẹ̀ lára tìrẹ wò. Òmíràn ò ṣí rárá. Òmíràn kún fún ìpolówó, kò sì síbi tó ti sọ pé ọjà ni. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé o fẹ́ tà á? Lọ síbi tí o ti rà wọ́n, yí nameserver wọn (ètò tó ń sọ ibi tí orúkọ máa gbé èèyàn lọ) sí ti Afternic tàbí Sedo, àwọn ọjà tí wọ́n ti ń ta dòméènì, kí ojú ewé kan máa jáde tó sọ pé títà ni, iye rẹ̀ rèé, ibi tí wọ́n á tẹ̀ láti rà á rèé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé Afternic so mọ́ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta dòméènì. Ẹni tó bá ń wá orúkọ tuntun lọ́dọ̀ wọn lè ṣe kòńgẹ́ tìrẹ pẹ̀lú iye rẹ̀, kó sì rà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìbá ọ sọ̀rọ̀ rí. Wọ́n á yọ làádá tiwọn, kò sì kéré. Jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́.

Àwọn kan ní kéèyàn má kọ iye sí i, kí oníbàárà kọ́kọ́ dá owó. Èmi ò fara mọ́ ọn, àfi tí orúkọ náà bá jẹ́ àrà ọ̀tọ̀, bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí .com. Ẹni tí kò bá rí iye á ti gbà pé ọwọ́ òun ò lè tó o, á sì lọ gba òmíràn. Lọ sórí NameBio, ìkànnì tó ń kó iye tí wọ́n ta dòméènì jọ, wo iye tí wọ́n ta àwọn tó jọ tìrẹ, kí o sì rántí pé ọ̀pọ̀ títà ni wọn kì í kéde. Àwọn ẹ̀rọ tó ń dá iye lé dòméènì fúnra wọn ńkọ́? Fi ṣe àríyá.

Ní ti lẹ́tà, jẹ́ kó kúrú. Orúkọ náà ni kí o fi ṣe àkọlé ímeèlì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú rẹ̀, o lè sọ pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ni orúkọ tó wà lókè yìí, mo sì fẹ́ tà á. Mo rí i pé èyí tí ẹ ń lò gùn jù ú lọ. Iye rẹ̀ nìyí, owó á sì gba ọwọ́ Escrow.com kọjá. Bí ẹ ò bá nílò rẹ̀, mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́.” Escrow.com ni ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníbàárà àti ẹni tó ń tà di owó mú títí ọjà á fi dọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ẹni tó ni iṣẹ́ ni kí o wá kàn, tàbí ọ̀gá ìpolówó wọn, má fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí gbogbo ayé ń kọ̀wé sí. Kọ ọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Tí o bá da ìkan náà sọ́dọ̀ igba èèyàn, inú pàǹtí ímeèlì ló máa sùn.

Bí ẹnì kan bá dá owó, bó ti wù kó kéré, má fìbínú fèsì. Ẹni tó dá ọgọ́rùn-ún dọ́là ti jẹ́wọ́ pé òun fẹ́ ẹ. Ìdúnàádúrà ló kù. Tó bá jẹ́ owó ni ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbà kó máa san án lóṣooṣù. Àwọn ọjà bí Afternic àti Sedo ní ètò rẹ̀, dòméènì náà á sì wà lábẹ́ wọn títí tó fi san tán.

Èyí tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún jù ni ẹni tí kì í ná ọjà. Á kọ̀wé lójijì, á ní òun ń ṣojú fún ọ̀gá kan tó fẹ́ san owó tabua, ohun yòówù tí o bá pè é náà ló máa gbà. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń béèrè: ìwé-ẹ̀rí tó fi iye orúkọ náà hàn, láti ibi kan pàtó tí ọ̀gá òun fọkàn tán. Wàá lọ sanwó níbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí á dé, ọ̀gá ò ní dé mọ́ láé, torí òun náà ló ni ibi tí o sanwó sí. Gbájúẹ̀ gbáà ni.

Oníbàárà gidi á kó owó sọ́wọ́ Escrow.com. Wọ́n á sọ fún ọ pé ó ti wọlé, ìgbà yẹn ni wàá tó ṣí orúkọ náà tí wàá sì fún un ní kóòdù tó máa fi gbé e. Tó bá ti dọ́wọ́ rẹ̀, tó sì jẹ́rìí sí i, owó rẹ á jáde. Fọwọ́ ara rẹ wọlé sórí ìkànnì wọn láti rí i pé owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, má tẹ ìsopọ̀ tó wà nínú ímeèlì. Èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó sábà máa ń di ọjọ́ 60 kó tó ṣeé gbé kúrò níbi tó wà.

Mo rí àwọn kan nínú tìrẹ tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá wà nínú wọn. Jọ̀ọ́, má kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Látọdún 1999 ni UDRP ti wà, ìlànà tí ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì, fi ń yanjú ìjà lórí dòméènì. Bí wọ́n bá gbé ọ lọ sọ́dọ̀ WIPO, àjọ àgbáyé tó wà fún ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọpọlọ, ní Geneva, 1,500 dọ́là ló máa ná wọn fún orúkọ kan sí márùn-ún níwájú adájọ́ kan, wọ́n sì lè gba orúkọ náà láìfún ọ ní nǹkan kan. Lẹ́tà tí o fi ní kí wọ́n wá rà á gan-an ni wọ́n máa tẹ́ síwájú adájọ́ pé tìtorí tiwọn lo ṣe lọ gbà á.

Kò ní yá, mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń fi èyí jẹun máa ń sọ pé ẹni tó bá ta ẹyọ kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kò ṣe búburú. Gbé e lé iye tí o ní, kí o sì yọ owó ọdún kúrò nínú rẹ̀, wàá rí i pé ìdajì wọn ló yẹ kó máa lọ.

Fi gbogbo wọn ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa parí. Màá fàmì sí èyí tí èmi ò bá ní sanwó lé lórí mọ́, ìwọ lo sì ni ìpinnu. Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn oníṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì lọ́sẹ̀ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá sì dá owó, pè mí kí o tó fèsì.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní